Orúnkún-Ọ̀sìn Alàgbà Jọláoṣó

Àdúrà ìpàdé àwọn àgbà Àgó-Òṣùpá ti dé ibi tí olúkúlùkù ti ń dijú kó lè rí oorun díẹ̀ sùn, nígbà tí orúnkún Alàgbà Jọláoṣó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Kì í ṣe pé ó ń dún bí orúnkún àgbà ṣe máa ń dún. Orúnkún tó ń dún, ta ni kò ní irú rẹ̀ nílé? Èyí ń jẹun ni. Ó ń ṣe kẹrẹ, kẹrẹ, kẹrẹ nínú ṣòkòtò, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò, á wá dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tó ń gbé òkèlè mì, á tún bẹ̀rẹ̀. Baálẹ̀ la ojú kan. Ó wo òrùlé. Ìjòyè tó jókòó tì í náà wo òrùlé. Kò pẹ́ tí gbogbo ilé fi ń wo òrùlé, nítorí ẹni tí wọ́n bá kọ́ dáadáa nílé kì í gbọ́ ohun tó bá ń dún lára àgbà.

"Eku ti pọ̀ jù nílùú yìí," ni Baálẹ̀ wí.

"Wọ́n pọ̀," ni Alàgbà Jọláoṣó dáhùn. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fi bo orúnkún náà jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bo ọmọ tí òtútù ń mú.

Lẹ́yìn náà ni òórùn dé. Òórùn náà kò sáré. Ó kọ́kọ́ bá àwọn tó wà nítòsí, ó sì ń lọ láti orí àga kan dé òmíràn bí ẹni tó ń pín ìwé ìpè. Ó dà bí ẹja tútù tí wọ́n gbàgbé sínú àpò nígbà òjò. Èyí kò ṣeé fi eku ṣàlàyé, àfi tí eku ọ̀hún bá ti kú tipẹ́. Ni wọ́n bá ṣe àmín kíá. Láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ ìlú náà dó, kò tí ì sí àdúrà tó parí kí àkókò rẹ̀ tó pé bí irú ti ọjọ́ náà.

Ẹni tí kò mọ Àgó-Òṣùpá lè rò pé ìlú oníranù ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láyé ìgbà tí à ń wí yìí, tí àwọn ènìyàn ti ń wọ ọkọ̀ òfurufú bí ẹni ń wọ kẹ̀kẹ́, àwọn ọmọ ìlú yìí ló ń lọ wa ilẹ̀ nínú òṣùpá. Ara kì í wúwo lọ́hùn-ún. Ọkùnrin tó jẹ́ pé garawa omi ń bá jà nílé á gbé òkúta tó tó màlúù, á máa súfèé. Obìnrin á fò kọjá lórí ọkọ rẹ̀ tí wọ́n bá ń jà, ìjà á sì parí. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, kò sẹ́ni tó bi orúnkún léèrè èrò rẹ̀. Àfi ìgbà tí wọ́n padà sílé ayé. Gbogbo ìwúwo tí wọ́n ti fi sílẹ̀ ló dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà bí àna tó ń bínú. Egungun rírọ̀ tó wà láàárín oríkèé, èyí tó dà bí tìmùtìmù tí egungun méjì fi ń gbé pọ̀ láìsí ariwo, ti gbẹ nínú gbogbo wọn, ó ti sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ènìyàn bá dìde, orúnkún á rún bí gúgúrú. Àwọn alágbára tó gbé òkúta lókè, ẹ̀yìn ọmọ wọn ni wọ́n gùn wọ ìlú.

Àwọn dókítà gbìyànjú. Wọ́n fi irin sí i, irin dípẹtà. Wọ́n fi ike sí i, ike yọ́ lọ́dún tí oòrùn mú. Wọ́n ń ṣí oríkèé, wọ́n ń fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ ìgò, wọ́n á tún un dé. Aláìsàn á jí, á ní òun gbọ́ omi nínú ẹsẹ̀ òun. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn títí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìbídùn Akínṣọlá fi dé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú, kí á tètè sọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó mọ̀wé, tó sì mọ̀wà hù ni. Ó wo gbogbo ẹranko ilé ayé, ó ní èwo ló ń ru ilé rẹ̀ látàárọ̀ ọjọ́ tí kò ráhùn orúnkún rí? Wọ́n ní ìgbín ni. Òtítọ́ ni pé ìgbín kò ní orúnkún, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò fẹ́ fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dí ìmọ̀ lọ́wọ́. Ó mú irúgbìn ara ìgbín, ó pa á pọ̀ mọ́ irúgbìn ara ènìyàn, ó sin ín nínú ìkòkò dígí, ó ń fún un lóúnjẹ títí ó fi di oríkèé pípé. Orúnkún-ọ̀sìn ni wọ́n pè é. Ohun ẹlẹ́mìí ni. Kì í dípẹtà. Bí ó bá sán, á lẹ ara rẹ̀. Bí ó bá gbẹ, á pọn omi ara rẹ̀. Wọ́n á gé èyí tó bàjẹ́ kúrò lẹ́sẹ̀ ènìyàn, wọ́n á gbé èyí síbẹ̀, kó tó oṣù méjì onítọ̀hún á máa gun òkè.

Alàgbà Jọláoṣó ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Ó gun òkè. Ó jó. Wọ́n ń pè é ní Bàbá Orúnkún, wọ́n sì fún un ní àga iwájú níbi gbogbo. Ní ọdún àkọ́kọ́, kò sí ohun tí ẹnu lè sọ sí i.

Ní ọdún kejì ni omi bẹ̀rẹ̀. Ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i pé aṣọ ìbora ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó fà á, omi náà bá a wá, ó ń fà bí ilá tó gbó sínú ọbẹ̀. Ó fi àkísà nù ún, àkísà ọ̀hún yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tó bá jókòó, tó bá dìde, ojú ọ̀nà kan á máa dán lórí àga. Ológbò ilé lá a lẹ́ẹ̀kan, ó ronú díẹ̀, ó jáde, wọn kò rí i mọ́. Alàgbà ra kánfọ̀ tí wọ́n ń kó sáàárín aṣọ, ó dì í mọ́ itan. Òórùn ẹja wá di òórùn ẹja tó lọ sí òde ìsìnkú. Lẹ́yìn ìyẹn ni eyín rẹ̀ ń mì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣòkòtò rẹ̀ ń gùn, tí ti òsì kò gùn. Télọ̀ rẹ̀, ọmọlúàbí ènìyàn, gé e kúrú láìwo ojú rẹ̀, ó ní ọṣẹ ayé òde òní ló ń na aṣọ.

Ẹnìkan yóò wá bèèrè pé kí ló dé tí kò sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tó bi í kò tí ì pàdé Ajíkí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ mọ àbájáde iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, bó ṣe yẹ kí oníṣẹ́ abẹ gidi fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ rán lọ sílé àwọn aláìsàn dúró ṣánṣán níwájú àgbà, ó ní, "Ṣàlàyé ìrora rẹ." Àwọn àgbà fi igi lé e dé etí odò. Ojú ti Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó lọ ṣe òmíràn, ó kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ilé, ó sọ ọ́ ní Ajíkí. Láràárọ̀, Ajíkí á kan ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́, á fi orúnkún irin rẹ̀ méjèèjì kúnlẹ̀ láìdún rárá, á tẹ orí ba, á ní:

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ẹ jí dáadáa? Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún ńkọ́?"

Kí ni ọmọ ènìyàn fẹ́ sọ sí i? Ọmọ kúnlẹ̀ kí ọ láàárọ̀ kùtù, ìwọ á wá máa ka egbò fún un? Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó lọ́wọ́, tí wọ́n bá bi í pé ilé ńkọ́, á kọ́kọ́ dáhùn pé a dúpẹ́. Ìgbà tí àlejò bá jókòó tán, tó mu omi, tí wọ́n ti wo ara wọn lójú, ni yóò mí kanlẹ̀, tí yóò sọ pé, "Àmọ́ ṣá o..." Inú àmọ́ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ajíkí kì í dúró de àmọ́. Bí ó bá ti gbọ́ a dúpẹ́, ó tó o, á dìde, á kọjá sí ilé kejì.

Nípa báyìí, gbogbo orúnkún-ọ̀sìn tó wà nílùú ló wà ní àlàáfíà pípé. Òkìkí kàn. Àwọn ìlú tó jìnnà ń rán ènìyàn wá wò ó. Láyé, wọn kò tí ì rí iṣẹ́ abẹ tí ẹyọ ènìyàn kan kò ráhùn lé lórí.

Ọ̀sẹ̀ tí orúnkún jẹun nípàdé náà ni Àwẹ̀ró dé, àbúrò Alàgbà, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé. Àwẹ̀ró ló ń se oúnjẹ fún àwọn awalẹ̀ nínú òṣùpá, orúnkún méjèèjì ló sì fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ìdí ló fi ń gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní òun á kúnlẹ̀.

"Má kúnlẹ̀, jọ̀ọ́," ni Alàgbà wí.

"Kí n dúró kí yín bí igi?"

Ó kúnlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ké bí ilẹ̀kùn ilé àtijọ́. Ẹni méjì ló gbé e dìde, òógùn bo ojú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, orúnkún ńkọ́?"

"A dúpẹ́," ni Alàgbà sọ. Ó gbọ́ bí ẹnu rẹ̀ ṣe sọ ọ́. Ó wá àmọ́ nínú ẹnu náà, kò rí i.

"Tí ẹ̀yin bá ti dúpẹ́, èmi náà á dúpẹ́. Tìtorí yín ni mo fi gbà. Àwọn ọmọ ní kí n jẹ́ kí wọ́n ṣe ọ̀kan ná, mo ní fún kí ni? Ọjọ́rùú ni wọ́n máa ṣe méjèèjì papọ̀." Ó fa imú. "Kí ló ń rùn báyìí?"

"Eku."

"Eku wo ló tóbi tó báyìí?"

"Ọlọ́run ti bù kún ìlú wa."

Ara Alàgbà tutù láti orí dé ẹsẹ̀, àyàfi orúnkún, tó gbóná, tó sì ń jẹ nǹkan lọ. Méjèèjì papọ̀! Ó mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Bí wọ́n ṣe jẹun tán, ó tún jókòó dáadáa.

"Àwẹ̀ró, orúnkún yìí..."

"Ẹ má wulẹ̀ yìn ín mọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti gbà."

"Kì í ṣe ìyìn."

"Mo mọ̀ yín. Ẹ ò fẹ́ kó dà bí ìgbéraga."

Kẹrẹ, ni orúnkún wí. Alàgbà wúkọ́ bò ó. Àwẹ̀ró bá a kí ikọ́, ó ní kó lá oyin. Ọ̀rọ̀ náà sì lọ bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Alàgbà jí, ó ti pinnu pé kí òun tó fọ ẹnu, òun á sọ ọ́. Ajíkí kan ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀, ó bi í, Alàgbà dúpẹ́. Àwẹ̀ró wà ní yàrá kejì, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní, "Ẹ gbọ́ ọ bí? Láti ẹnu ẹni tó ni ín!"

Nígbà tó fi di Ọjọ́rùú, wọ́n ti kó àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún jọ sí àgbàlá Ilé Oríkèé. Aṣọ funfun ni gbogbo wọn wọ̀. Àwẹ̀ró ló wà níwájú, lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà, nọ́ọ̀sì kan sì ń fi àwọ̀ búlúù sàmì sí orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Àṣà Ọ̀jọ̀gbọ́n ni pé kí wọ́n tó wọlé, ẹni tí wọ́n ti ṣe é fún á jẹ́rìí. Àwọn àgbà ìlú náà wá. Baálẹ̀, ẹni tí kò lọ sí òṣùpá rí, tó sì fi orúnkún tí ìyá rẹ̀ bí mọ́ ọn rìn wá, dìde kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni.

"Ìbídùn, ọmọ mi."

"Sà, bàbá." Ọ̀jọ̀gbọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Nǹkan ẹlẹ́mìí lo fi sí ènìyàn lẹ́sẹ̀. Ohun tó bá lẹ́mìí ń jẹun. Kí ni tìrẹ ń jẹ?"

"Ohun tí ara bá jẹ ló ń jẹ, sà. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Àwọn tó ni orúnkún, sà. À ń bi wọ́n láràárọ̀. Kò sí ẹni tó ráhùn rí."

"Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ìlú wo lo ti rí àgbà tí kò ráhùn orúnkún?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti le díẹ̀. "Bàbá, ẹ máa ń bá wọn jókòó nípàdé. Tí ẹ bá ti rí ohun kan, tàbí tí ẹ gbọ́ ohun kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi lójú gbogbo ènìyàn."

Baálẹ̀ la ẹnu. Ó wo Alàgbà Jọláoṣó. Ó wo ojú ọ̀run.

"Eku," ló wí, ó sì jókòó.

Ìgbà náà ni wọ́n pe Bàbá Orúnkún. Alàgbà jáde síwájú, ó ń tiro díẹ̀, òórùn kánfọ̀ ń ṣáájú rẹ̀. Ajíkí wá bá a níbẹ̀, ó kúnlẹ̀ lójú gbogbo ayé, ẹ̀rọ agbóhùnsókè gbé ohùn rẹ̀ dé ẹ̀yìn ògiri.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ẹ jí dáadáa? Orúnkún ńkọ́?"

"A dú..." ni Alàgbà bẹ̀rẹ̀. Ó fi ọwọ́ di ẹnu ara rẹ̀ mú.

Gbogbo ènìyàn dúró. Ajíkí náà dúró, nítorí pé a dú kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Alàgbà wo àbúrò rẹ̀. Àwẹ̀ró ń mi orí sí i pé kó máa sọ ọ́, kí ojú má tì í. Àwọ̀ búlúù ti gbẹ lórí orúnkún rẹ̀. Alàgbà tún wá ọ̀rọ̀, ó wá a dé ìdí ikùn rẹ̀, gbogbo ohun tó ń bọ̀ sókè kò ju ọpẹ́ lọ. Ẹnu náà ti bàjẹ́ pátápátá. Kò sí ohun tí wọ́n tún lè fi í ṣe.

Ni ó bá tẹ̀ ba, ó ká ṣòkòtò sókè.

Wọ́n kọ́kọ́ rí okùn tó fi di kánfọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí orúnkún. Ó ti tó orí ọmọ ọwọ́. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú tí òjò pa, ó ń dán, ó sì ń mì fúnra rẹ̀ bí ẹ̀dọ̀ tútù nínú àwo. Omi ń ti ara rẹ̀ ṣàn lọ sínú bàtà. Lókè, níbi tó ti wọnú itan, karawun funfun kan ti hù yí i ká, eteetí rẹ̀ ti fa ẹran ya, ẹran ọ̀hún sì ti pọ́n, ó ti yọ ọyún. Nísàlẹ̀, ẹnu kan wà níbẹ̀, kò ju ihò bọ́tìnnì lọ. Ahọ́n aláwọ̀ ilẹ̀ kan ń yọ jáde níbẹ̀, ó ń ha ojúgun Alàgbà, ó ń padà wọlé. Bí oòrùn ṣe kàn án, ìwo kékeré méjì na jáde láti iwájú orúnkún náà. Wọ́n yí sọ́tùn-ún. Wọ́n yí sósì. Wọ́n wo Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó pẹ́ díẹ̀, wọ́n sì padà wọnú ẹran.

Ọkùnrin kan tó wà nínú aṣọ funfun bì sórí ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ẹni náà kò bínú. Òun náà ń bì. Láàárín àwọn tí wọ́n ti ṣe tiwọn, ìyá àgbàlagbà kan rọra gbé ìró rẹ̀ sókè dé itan, tirẹ̀ náà ń dán. Ẹlòmíràn ká ṣòkòtò. Òórùn inú àgbàlá náà wá di ohun tí ènìyàn lè fi ọwọ́ tì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò sá. Ó wá kúnlẹ̀ síwájú Alàgbà, imú rẹ̀ kò jìnnà sí ohun náà.

"Bàbá, láti ìgbà wo?"

"Ó ti lé lọ́dún méjì."

"Ọdún méjì! Ajíkí ń wá sọ́dọ̀ yín láràárọ̀!"

"Ó ń wá. Ọmọ dáadáa ni."

"Ó ń bi yín léèrè orúnkún, bàbá!"

"Kò bi mí léèrè rí. Ó ń kí mi ni. Ó ń kí mi, mo ń dá a lóhùn. Ta ló ń fi ọyún dáhùn ìkíni?"

Ọmọ ilé re ni Ọ̀jọ̀gbọ́n náà. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni orí ti ń fọ́ ọ, tí olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà kí i, tó sì dáhùn pé dáadáa ni.

"Èmi ni mo kọ́ ọ kó máa kúnlẹ̀," ló wí, kò sì dájú ẹni tó ń sọ ọ́ fún.

Àwẹ̀ró ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì náà dé ọ̀dọ̀ wọn. Kò bì. Ẹni tó ti se oúnjẹ fún awalẹ̀ ti rí ohun tó burú. Ó ń wo orúnkún náà, ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi."

"Mo sọ fún ọ pé a dúpẹ́."

"Kí lẹ ń dúpẹ́ fún?"

Alàgbà sọ ṣòkòtò náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n orúnkún ti tóbi jù, kò wọlé mọ́.

Wọ́n gbé e lọ síwájú dígí afinúhàn, ìyẹn dígí tí ènìyàn máa ń dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀ tí egungun rẹ̀ á hàn ketekete. Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó. Ó nu dígí, ó tún un wò. Egungun itan kò sí níbẹ̀ mọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni karawun, funfun gbòò, tó ń lọ́ bọ̀ láti orúnkún títí dé ìbàdí, góńgó rẹ̀ sì ti ń fi orí kan egungun ẹ̀yìn. Ìgbín a máa wá ẹfun tí yóò fi kọ́ ilé rẹ̀. Nínú igbó, ara òkúta ló ti ń lá a. Nínú ènìyàn, eyín ni, ìhà ni, itan ni. Gbogbo àkókò tí Alàgbà fi ń gun òkè, tí ìlú ń pàtẹ́wọ́, egungun rẹ̀ ni orúnkún ń jẹ tó fi ní agbára láti gbé e gùn ún.

"A gbọ́dọ̀ gé e lónìí," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Láti ìbàdí. Tó bá dé ẹ̀yìn, kò sí ohun tí n lè gé mọ́."

"Orí bẹ́ẹ̀dì tèmi ni kí ẹ gbé ẹ̀gbọ́n mi sí," ni Àwẹ̀ró wí. "Wọ́n ti tẹ́ ẹ."

Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀ nìyẹn, tó di ògiri mú, tí wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n ń tì í wọlé, Alàgbà na ọwọ́ sí i. Àwẹ̀ró di ọwọ́ náà mú, ó ń tiro títí dé ẹnu ilẹ̀kùn. Kò kí i. Alàgbà náà kò kí i.

Wọ́n gé e. Alàgbà kò kú. Ní ìlú náà, bí wọ́n bá gé ẹ̀yà ara ènìyàn, àwọn ẹbí rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e fún kí wọ́n lọ sin ín, nítorí náà ni nọ́ọ̀sì méjì ṣe gbé bàsíà ńlá kan jáde wá bá Àwẹ̀ró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti dé e, wọ́n sì gbé e kalẹ̀. Ìdérí náà ń gbéra, ó ń padà.

"Kí ló ń mì ín?" ni Baálẹ̀ tó bá a dúró níbẹ̀ bèèrè.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó tẹ̀lé wọn ṣí i. Ẹsẹ̀ náà wà níbẹ̀, ó ti funfun, ó ti kú láti itan dé ọmọ ìka. Orúnkún nìkan ni kò kú. Ó ń ká, ó ń nà, ó ń ká, ó ń nà, láìdún, láìgan, ó ń wá ilẹ̀ tí yóò tẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ìka kàn án lókè, ó fi kàn án nísàlẹ̀, ó yí i wò bó ṣe ń yí gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wò.

"Kò ní àbùkù kankan," ló wí, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Orúnkún tó dára jù lọ tí mo ti rí láyé nìyí."

"A kì í sin ohun tó bá ṣì wà láàyè," ni Baálẹ̀ wí.

"Ẹ jẹ́ kí n dá a padà sínú ìkòkò dígí, sà. Mo gbọ́dọ̀ mọ ibi tí mo ti ṣì í. Àwọn tó kù ńkọ́? Wọ́n lé ní igba nílùú yìí."

"Ẹsẹ̀ Jọláoṣó ni! O fẹ́ máa bọ́ ọ?"

"Bàbá, tí n kò bá bọ́ ọ, báwo ni n ó ṣe mọ ohun tó ń pa á?"

"Ó tó ìgbà wo kó tó kú fúnra rẹ̀?" ni Àwẹ̀ró bèèrè.

"N kò mọ̀, mà. Ìgbín lè gbààwẹ̀ fún ìgbà pípẹ́."

Ni àwọn méjèèjì bá tún bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ń sọ ti òfin ilẹ̀, ọ̀kan ń sọ ti ìmọ̀, ohùn wọn ń ròkè. Ìwo méjì rọra na jáde létí bàsíà. Wọ́n yí kiri. Wọ́n yà sọ́dọ̀ Àwẹ̀ró, wọ́n kọjú sí orúnkún rẹ̀ méjèèjì tí àwọ̀ búlúù wà lórí wọn, wọ́n sì dúró síbẹ̀.

Àwẹ̀ró mú ìdérí, ó fi dé e. Ó di ògiri mú, ó yí ìdí padà díẹ̀díẹ̀, eyín rẹ̀ dì pinpin nítorí ìrora, ó sì jókòó lé bàsíà náà lórí. Ó gbọ́ bí nǹkan ọ̀hún ṣe ń tì í láti ìsàlẹ̀, pẹ̀lú agbára, pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni tó ní òkè láti gùn.

"Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ," ló wí fún wọn. "Èmi kò lè dìde."